William Webb Ellis: Àlùfáà Tí a Ní Ó Dá Eré Rọ́gíbì Sílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni kí a wá ṣe sí ìtàn tí a kò rí ẹnì kan ṣoṣo tí ó ṣojú rẹ̀, síbẹ̀ tí gbogbo ayé ń sọ ọ́, tí a gbẹ́ ẹ sára òkúta, tí a sì tìtorí rẹ̀ sọ ife ẹ̀yẹ lórúkọ? Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ó rọ̀ mọ́ orúkọ William Webb Ellis, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àlùfáà, tí ó sì kú ní ọdún 1872. Bí a bá bi àwọn tí ó fẹ́ràn eré rọ́gíbì léèrè pé ta ni ó dá eré náà sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn yóò kọ́kọ́ dá. Èyí ni ó mú kí n pinnu láti sọ ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin yìí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá mi dé ìparí. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Irú Eré Tí Rọ́gíbì Jẹ́

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ó yẹ kí n ṣàlàyé eré náà ní ṣókí, nítorí pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Bọ́ọ̀lù rọ́gíbì kò rí roboto. Ó gùn díẹ̀, ó sì rí bí ẹyin. Òṣèré lè fi ẹsẹ̀ gbá a, ó sì lè gbé e mọ́ àyà kí ó máa sáré lọ. Àwọn alátakò ní ẹ̀tọ́ láti dì í mú kí wọ́n sì gbé e lulẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Bí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ jù ú síwájú. Ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ni ó gbọdọ̀ jù ú sí. Ẹni tí ó bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà góòlù àwọn alátakò, tí ó sì fi kan ilẹ̀ níbẹ̀, ti gba àmì 5 fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò fún ẹgbẹ́ rẹ̀ láyè láti gbá bọ́ọ̀lù náà gba òkè ọ̀pá ìdábùú, láàárín òpó góòlù méjèèjì. Bí ó bá wọlé, wọn yóò fi àmì 2 kún un. Bí àwọn alátakò bá ṣẹ̀ sí òfin, a lè gbá bọ́ọ̀lù ìjìyà, àmì 3 sì ni èrè rẹ̀. Òṣèré 15 ni ó máa ń wà ní apá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n sì fi ń ṣeré.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

A bí William Webb Ellis ní ọjọ́ 24, oṣù kọkànlá, ọdún 1806, ní ìlú Salford tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester. James Ellis ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ann Webb sì ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kí ó tó lọ sílé ọkọ. Láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ó ti rí Webb tí ó wà láàárín orúkọ rẹ̀. Ológun ni bàbá rẹ̀, ọ̀gá ni láàárín àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin. Ní àkókò náà, ogun gbóná láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1811 ni James Ellis bá ogun lọ ní Albuera, ní ilẹ̀ Sípéènì. William kò tíì pé ọmọ ọdún 5 nígbà náà.

Ann Ellis di opó pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì, Thomas àti William. Owó tí yóò fi rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kò sí, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n inú. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Rugby, ní agbègbè Warwickshire. Oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Lawrence Sheriff ni ó fi dúkìá sílẹ̀ tí a fi dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1567. Ìlànà tí ó fi lélẹ̀ ni pé kí a máa kọ́ àwọn ọmọkùnrin ìlú Rugby àti ti agbègbè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni ìyá yìí ṣe? Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Rugby, wọ́n sì di ara ìlú. Bí William ṣe rí ilé-ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ní ọdún 1816 nìyẹn. Ẹ rántí obìnrin yìí o. Bí kì í bá ṣe akitiyan rẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá dárúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ eré rọ́gíbì rárá.

Ní Ilé-ẹ̀kọ́ Rugby

Ọdún mẹ́sàn-án ni William lò níbẹ̀, láti ọdún 1816 títí di ọdún 1825. Orí rẹ̀ pé sí ìwé, ó sì mọ eré kríkẹ́ẹ̀tì ṣe dáadáa. Ní ti bọ́ọ̀lù, ó yẹ kí a mọ bí nǹkan ti rí nígbà náà. Kò sí ẹgbẹ́ kan tí ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Rugby, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe òfin, ẹnu ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí iye ènìyàn kan pàtó tí ó gbọdọ̀ wà ní apá kan. Àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tí wọ́n sì ń fi awọ bò. Àwọn tí ń rán bàtà ní ìlú náà, irú William Gilbert àti Richard Lindon tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n ń rán bọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́. Àpò ìtọ̀ kì í rí roboto, bí ó bá sì ti rí ni awọ tí a rán bò ó yóò ṣe rí. Ibẹ̀ ni a ti rí ìdí tí bọ́ọ̀lù rọ́gíbì fi dà bí ẹyin títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà ti gba ipò àpò ìtọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn kan máa ń rò pé kí Webb Ellis tó dé, kò sí ẹni tí ń fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lófuurufú, ẹni tí ó bá lè hán an ní ẹ̀tọ́ láti hán an. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti hán an tán, ẹ̀yìn ni yóò fà sí. Àwọn alátakò lè wá dúró sí ojú ibi tí ó ti hán bọ́ọ̀lù, wọn kò sì gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀ títí yóò fi gbá a. Ohun tí òfin kò gbà ni pé kí ó gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kí ó máa sáré lọ síwájú.

Ìtàn tí a ń sọ ni pé ní apá ìparí ọdún 1823, nígbà tí William ń lọ sí ọmọ ọdún 17, ó hán bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò fà sẹ́yìn. Ó gbé e mọ́ àyà, ó sì sáré kọjú sí góòlù àwọn alátakò. Ìtàn náà kò jù báyìí lọ. A kò gbọ́ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sí i, a kò sì gbọ́ bóyá ó dé ibi tí ó ń lọ.

Iṣẹ́ Àlùfáà àti Ikú Rẹ̀

Ní ọdún 1826, William wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Brasenose ní Yunifásítì Oxford. Ní ọdún 1827, nígbà tí Oxford àti Cambridge kọ́kọ́ pàdé nínú eré kríkẹ́ẹ̀tì, ó wà lára àwọn tí ó ṣojú Oxford. Èyí kì í ṣe àgbọ́sọ. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ eré ọjọ́ náà. Ó gba oyè B.A. ní ọdún 1829 àti oyè M.A. ní ọdún 1831, ó sì di àlùfáà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìsìn St George tí ó wà ní òpópónà Albemarle ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di àlùfáà àgbà ní ìjọ St Clement Danes ní ìlú náà kan náà. Ní ọdún 1855, wọ́n gbé e lọ sí Magdalen Laver, abúlé kékeré kan ní agbègbè Essex. Ìjọ abúlé yìí ni ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Oníwàásù tí ó lórúkọ ni. Ní ọdún 1854, nígbà tí ogun Kìrìmíà ń lọ lọ́wọ́, ó wàásù lórí ogun náà, ìwé ìròyìn Illustrated London News sì gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Àwòrán yẹn nìkan ni a mọ̀ pé ó kù nípa rẹ̀ lónìí. Àlùfáà ni a rí nínú rẹ̀. A kò rí eléré.

Kò fẹ́ ìyàwó, kò sì bímọ. Ní ọdún 1872, ó kú sí ìlú Menton tí ó wà létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ọmọ ọdún 65 ni. Ó fi ogún tí ó tó £9,000 sílẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì lọ fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Owó ńlá ni èyí láyé ìgbà náà. Ọmọ opó tí ó kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ kò gbàgbé àwọn aláìní.

Ní ibi tí a dé yìí, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ kí a ṣe ìṣirò. Láti ọdún 1823 títí di ọdún 1872 jẹ́ ọdún 49. Ní gbogbo ìgbà yìí, William Webb Ellis wà láàyè, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń gun àga ìwàásù. Láàárín ìgbà náà, wọ́n kọ òfin bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ Rugby sílẹ̀ ní ọdún 1845. Ní ọjọ́ 26, oṣù kìíní, ọdún 1871, ẹgbẹ́ 21 péjọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá Àjọ Rọ́gíbì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ilẹ̀ Scotland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní Edinburgh nínú eré àkọ́kọ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjì, Scotland sì borí. Síbẹ̀, kò sí àkọsílẹ̀ kankan tí a rí pé ẹnì kan tọ Webb Ellis lọ láti bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí pápá lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Òun náà kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa rẹ̀.

Bí Orúkọ Rẹ̀ Ṣe Di Ńlá

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ó kú ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1876, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Matthew Bloxam, tí òun náà ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Rugby, tí ó sì fẹ́ràn ìwádìí nípa ohun àtijọ́, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọ ìlú kan tí ń jẹ́ Webb Ellis ni ó kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré. Ní ọdún 1880, ó tún kọ òmíràn, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà sí i. Ṣùgbọ́n Bloxam ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ kí ọdún 1823 tó dé, nítorí náà kò ṣojú rẹ̀. Lẹ́nu ta ni ó ti gbọ́ ọ? Kò dárúkọ onítọ̀hún.

Ní ọdún 1895, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti Rugby yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn arúgbó tí ó ṣẹ́kù. Ọ̀kan nínú wọn, Thomas Harris, tí òun àti Webb Ellis jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́, rántí ọmọkùnrin náà. Ó ní wọ́n kan sáárá sí i nínú kríkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n pé bí ó bá di ti bọ́ọ̀lù, ó máa ń fẹ́ rẹ́ àwọn ẹlòmíràn jẹ. Ní ti pé ó gbé bọ́ọ̀lù sáré, Harris ní òun kò fojú òun rí i. Thomas Hughes náà fèsì, òǹkọ̀wé tí ó kọ ìwé ìtàn àròsọ olókìkí kan nípa ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ní nígbà tí òun dé ibẹ̀ ní ọdún 1834, kò sí ẹni tí ń sọ ìtàn Webb Ellis mọ́. Ó tún ní gbígbé bọ́ọ̀lù sáré léwu púpọ̀ nígbà náà, àti pé ọmọkùnrin mìíràn tí ń jẹ́ Jem Mackie ni ó sọ ọ́ di àṣà ní nǹkan bí ọdún 1838 sí 1839, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì gbà á sí òfin ní nǹkan bí ọdún 1841 sí 1842.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, nígbà tí ìgbìmọ̀ náà gbé àbọ̀ wọn jáde ní ọdún 1897, ọ̀dọ̀ Webb Ellis ni wọ́n fì sí. Ní ọdún 1900, wọ́n gbé òkúta ìrántí kan sí ara ògiri ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ọmọkùnrin yìí kò ka òfin ìgbà ayé rẹ̀ sí, ó gbé bọ́ọ̀lù sáré, ó sì fi bẹ́ẹ̀ fún eré rọ́gíbì ní ìwà tí a fi mọ̀ ọ́n.

Kí ni ó dé tí wọ́n fi wá ìtàn yìí rí ní ọdún 1895 gan-an? Ọdún yẹn náà ni eré rọ́gíbì pín sí méjì. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti àwọn awakùsà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí a máa san owó iṣẹ́ tí wọ́n pàdánù padà fún wọn bí wọ́n bá lọ ṣeré. Àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ, ẹgbẹ́ 22 pàdé ní Huddersfield, wọ́n sì ya kúrò. Àwọn ni wọ́n di rọ́gíbì líìgì tí òṣèré 13 ń ṣe lónìí. Àwọn òpìtàn kan gbà pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti Rugby ṣe rí i pé eré náà ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n fi gbé orúkọ baba ńlá kan jáde. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ìgbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé ni a máa ń rántí ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó.

Ta Ni Ó Dá a Sílẹ̀ Nígbà Náà?

N kò sọ pé irọ́ ni ìtàn náà o. Ó lè jẹ́ pé William sáré lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Kí a tó bí i rárá ni àwọn ará ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kóra jọ lọ́jọ́ ọdún, tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù kiri ìgboro. Mackie ni a ní ó jẹ́ kí ó di àṣà ní Rugby. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, Arnold, Shirley àti Hutchins, ni wọ́n kọ òfin náà sílẹ̀ ní ọdún 1845, ó sì jẹ́ 37. Àwọn tí ń rán bàtà ni wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1877 ni wọ́n sì dín iye òṣèré kù láti 20 sí 15 nínú eré láàárín orílẹ̀-èdè. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, kò sí ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ife ẹ̀yẹ àgbáyé.

Nígbà tí Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987, tí New Zealand sì gbà á, Ife Webb Ellis ni wọ́n pe ife náà. Ife yìí ni Nelson Mandela gbé lé François Pienaar lọ́wọ́ ní Johannesburg ní ọdún 1995. Òun náà ni Siya Kolisi, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ Gúúsù Áfíríkà nínú eré láàárín orílẹ̀-èdè, gbé sókè ní ọdún 2019 àti ọdún 2023. Ibojì àlùfáà náà ní Menton ti di ìgbàgbé títí Ross McWhirter fi wá a rí ní ọdún 1958. Lónìí àwọn olólùfẹ́ rọ́gíbì ń lọ síbẹ̀ láti bọlá fún un. Òkú kò mọ iye a ra àgọ̀. Ohun tí ọkùnrin yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, kò sí ẹni tí ń sọ ọ́. Ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fi ìṣẹ́jú kan ṣe, òun ni ayé mọ̀ ọ́n sí.

Àsọkágbá

A ti gbọ́ ọ rí pé àwọn kan kò ka ìtàn àtẹnudẹ́nu wa sí, nítorí pé a kò kọ ọ́ sínú ìwé. Ìgbésí ayé Webb Ellis fi hàn pé ìwé nìkan kò tó. Àwọn tí ó ní ilé ìtẹ̀wé, tí ó ní ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì mọ ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọlé àti ọjọ́ tí ó jáde, àgbọ́sọ ni wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 53. Àgbọ́sọ tí a kọ sórí òkúta, àgbọ́sọ náà ni.

Ṣùgbọ́n kí a má tìtorí èyí fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, bàbá bàbá mi mọ oríkì agbo ilé wa láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, mo ní n óò mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá wọn bí ìsinmi bá dé. Ìsinmi dé, mo lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí mo fi máa délé, òkú wọn ni mo bá. Lónìí, bí mo bá béèrè oríkì náà nínú agbo ilé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹni kìíní ń sọ, ọ̀tọ̀ ni ti ẹnì kejì, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe máa ń kì í.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ṣì wà nílé. Ẹ jẹ́ kí a tọ̀ wọ́n lọ ní ìsinmi yìí. Kí a béèrè ohun tí wọ́n mọ̀, kí a sì tún béèrè bóyá ó ṣojú wọn ni tàbí wọ́n gbọ́ ọ, àti lẹ́nu ta ni. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún wa sílẹ̀, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bloxam kò ṣe èyí, ó sì ti kó gbogbo ayé sínú iyèméjì. Ọdún 49 ni wọ́n ní láti fi bi William Webb Ellis. Iye tí ó kù fún àwọn àgbà tiwa, a kò mọ̀ ọ́n.